Dísìkì Mélòó Ló Tó fún Fáìlì Ńlá? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Iléyá ń bọ̀, àwọn oníkámẹ́rà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì ti ń wá ibi tí wọn yóò kó iṣẹ́ ọdún yìí sí. Mẹ́fà nínú ìbéèrè tó wọlé la mú síbí. A gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa mẹ́ta la jọ ń ya fídíò ayẹyẹ. Kámẹ́rà mẹ́rin la máa ń gbé lọ sí Ojúde Ọba, orí dísìkì external kéékèèké mẹ́fà sì ni gbogbo iṣẹ́ wa fọ́n ká sí. A ti dá owó jọ láti ra àpótí tó ń gba dísìkì mẹ́rin. Ẹnì kan ní ká ṣe é ní RAID 0 kó lè yára, ẹlòmíràn ní RAID 5 ló dáa. Èwo ni ká tẹ̀ lé?
*Oníṣẹ́ fídíò, Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹrù náà ṣe tó. Kámẹ́rà tó ń gba 4K sílẹ̀ ní 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bíi 45 GB ní wákàtí kan. Láti ìgbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àkọ́kọ́ bá ti wọlé títí tí àwọn ẹlẹ́ṣin yóò fi parí, bí kámẹ́rà mẹ́rin bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, 1,080 GB nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di ProRes 422 HQ, oríṣi fáìlì ńlá tó rọrùn láti gé, kí ẹ tó gé e, wákàtí kan ní férémù 25 yóò gba nǹkan bíi 330 GB. Bí external 1 TB ṣe ń kún kí ẹ tó mọ̀ nìyẹn.

RAID ni orúkọ tí Patterson, Gibson àti Katz, àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Berkeley, fi síta ní 1988 fún ọgbọ́n kí dísìkì púpọ̀ máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. RAID 0 ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ó sì ń pín in sórí gbogbo dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yára lóòótọ́, gbogbo àyè lẹ sì ń lò. Ṣùgbọ́n kò sí fáìlì ńlá kankan tó wà lódindi lórí dísìkì kan, nítorí náà tí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá kú, iṣẹ́ orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. A kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kó ohun tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn sórí RAID 0.

RAID 5 sàn jù ú lọ. Dísìkì mẹ́ta ló kéré jù tó ń fẹ́; àyè ẹyọ kan ń lọ sí ìṣirò tó fi lè tún ohun tó sọnù kọ. Dísìkì 8 TB mẹ́rin yóò fún yín ní 24 TB, ọ̀kan sì lè kú kí iṣẹ́ ṣì máa lọ. RAID 6 ń mú àyè dísìkì méjì, 16 TB ló kù, méjì yòówù lè kú. RAID 10 náà ń fún yín ní 16 TB. Ó ń so wọ́n ní méjì-méjì, ọ̀kan lè kú nínú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí àwọn méjì tó wà nínú ìsopọ̀ kan náà bá jọ lọ, ó tán nìyẹn.

Ibi tí RAID 5 ti máa ń já èèyàn kulẹ̀ ni ọjọ́ tí dísìkì kan bá kú. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ètò náà gbọ́dọ̀ ka àwọn mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dísìkì 8 TB tó ń kà ní 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá ń gé fídíò lórí rẹ̀ lọ́wọ́, ó lè di ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí ààbò kankan mọ́. Dísìkì mẹ́rin tí ẹ rà lọ́jọ́ kan náà láti inú páálí kan náà ti jọ ṣiṣẹ́ iye wákàtí kan náà, wọn kì í sì í jìnnà síra tó bá di ọ̀rọ̀ àárẹ̀. Ẹ fi ti iná wa kún un.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Tí ó bá jẹ́ owó dísìkì mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ki mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú àpótí kan. Ẹ ra 12 TB mẹ́rin. Ẹ fi méjì sínú àpótí ní RAID 1, níbi tí ohun tí ẹ bá kọ sórí ọ̀kan ti ń wà lórí èkejì. Àwọn méjì yòókù ni ẹ ó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, kí wáyà rẹ̀ wà ní yíyọ, ìkejì wà nílé ẹbí kan ní ìlú míì, Ṣàgámù ni o, Ìbàdàn ni o. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ pààrọ̀ wọn. Fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, ẹ fi SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) NVMe 2 TB kan sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń gé fídíò, kí ẹ gé e lórí ìyẹn, nítorí SSD ni yóò fún yín ní ìyára tí ẹ ń wá lọ sí RAID 0. Dísìkì tó ń yí ń fúnni ní 150 sí 250 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD oní-SATA tó 550. NVMe ń lé ní 3,000.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ẹ̀dà ìta ni pé RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí dísìkì kan ti pa rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Olè tó gbé àpótí lọ gbé dísìkì méjèèjì lọ. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó kò mọ ìyàtọ̀ láàárín RAID 1 àti RAID 6. Ìlànà tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ la fara mọ́: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́yìn odi. Bí ẹ bá ń rò ó láti fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ẹ̀dà ìta, 1 TB ní 20 mẹ́gábíìtì yóò gbà tó wákàtí 111, ọjọ́ mẹ́rin àbọ̀ ó lé, yàtọ̀ sí owó dátà. Mọ́tò Ṣàgámù yá jù ú lọ.

Ohun kan ṣì kù: ẹ má ṣe nu mẹ́mórì káàdì kankan títí ẹ̀dà méjì yóò fi wà tí ẹ ti yẹ̀ wò. Ètò TeraCopy lórí Windows ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ kó fi ẹ̀dà wé orísun lẹ́yìn tó bá kó o tán. Lórí Mac àti Linux, ẹ fi ètò rsync kó o, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú -c, yóò ka ìhà méjèèjì, yóò sì tún èyí tó bá yàtọ̀ kó. Ó ń jẹ àsìkò. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́.

Mo ra NAS (àpótí dísìkì tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́) onídísìkì mẹ́rin fún àwòrán máíkírósíkóòpù tí mo fi ń ṣe ìwádìí. Fáìlì kan lè tó 30 GB. Ó lọ́ra ju external 2 TB mi lọ. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ*

Rárá, ó ṣeé ṣe kí dísìkì yín má jẹ̀bi. Ojú ọ̀nà ló há. Ẹ kó fáìlì bíi 10 GB lọ sórí NAS náà, kí ẹ máa wo nọ́ńbà ìyára.

Tó bá dúró sójú kan ní nǹkan bíi 11 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 100 mẹ́gábíìtì lẹ wà. Ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fún èèyàn pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú ihò wọn. Tó bá sì dá yín lójú pé gígábíìtì ni ráútà yín, ẹ fura sí wáyà: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ní méjì-méjì, gígábíìtì ń lo gbogbo wọn, 100 mẹ́gábíìtì ń lo mẹ́rin péré. Tí ọ̀kan bá já tàbí tí wọn kò tẹ orí rẹ̀ dáadáa, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì yóò fohùn ṣọ̀kan lórí 100, wọn kò sì ní sọ fún yín. Wáyà Cat5e tuntun ni ìdánwò tó rọrùn jù.

Tó bá ń fò sókè sódò láàárín 20 sí 60, Wi-Fi lẹ ń lò. Ẹ fi wáyà so ó.

Tó bá jẹ́ bíi 110, ẹ ti dé òpin gígábíìtì. Ó wà bó ṣe yẹ kó wà, dísìkì mẹ́rin tàbí mẹ́wàá kò sì ní mú un kọjá ibẹ̀. 30 GB yóò máa gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀. Láti gòkè, ẹ ra káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2.5 gígábíìtì, bí NAS yín bá ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Cat5e ṣì gbé e, yóò sì fún yín ní bíi 280. Kì í ṣe dandan kí ẹ ra switch nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ lè fi wáyà kan so kọ̀ǹpútà mọ́ NAS tààrà, kí ẹ fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà IP tí ẹ fọwọ́ kọ, bíi 10.0.0.1 àti 10.0.0.2.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí fún àwọn tí kò tíì rà. NAS dára nígbà tí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá fẹ́ lo fáìlì kan náà. Ẹni tó dá nìkan ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan yóò jàǹfààní jù lára àpótí USB onídísìkì púpọ̀: USB 10 gígábíìtì lè gbé nǹkan bíi 1,000 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kàn rí i pé kì í ṣe ihò USB 2 lẹ so ó mọ́. Ìyẹn kò lè ju 40 lọ.

Mo ra dísìkì 8 TB, kọ̀ǹpútà mi ní 7.27 TB ni. Ṣé wọ́n yọ díẹ̀ kúrò ni?
*Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Kò sí ohun tó sọnù. Ẹni tó ṣe é ń fi 1,000 ka ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, Windows ń fi 1,024 kà. 8 TB tòótọ́ ni.

Ayédèrú wà lóòótọ́ o, àmọ́ bó ṣe ń ṣe yàtọ̀. SSD kékeré alápò tí wọ́n ń pè ní 16 TB ní owó táṣẹ́rẹ́ yóò fi 16 TB hàn ketekete. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́mórì káàdì 64 GB tí wọ́n ti parọ́ sí lórí. Yóò gba gbogbo ohun tí ẹ bá kó sí i, yóò sì máa kọ tuntun lé orí ti àtijọ́. Ètò H2testw lórí Windows tàbí F3 lórí Mac àti Linux ń kọ ọ́ kún dé ẹnu, á sì kà á padà. Ẹ ṣe é kí ọjọ́ àtidápadà tó kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, irú dísìkì wo gan-an ni ká béèrè tí a bá dé Computer Village? Ṣé tòkunbọ̀ ṣeé rà?
*Onísítúdíò orin, Ìkẹ́nnẹ́*

Ẹ béèrè CMR, irú dísìkì tí ojú ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ kì í gorí ara wọn, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tó wà lára dísìkì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ẹni tó ṣe é kí ẹ tó sanwó. Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà ṣe dísìkì ni SMR: ojú ọ̀nà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí gorí ara wọn bíi páànù òrùlé. Láti yí ọ̀kan padà, dísìkì náà gbọ́dọ̀ tún àwọn tó gun orí rẹ̀ kọ. Fún ẹ̀dà tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ gbé sílẹ̀, kò burú. Nínú RAID, wàhálà ni: nígbà tí ẹ bá fi rọ́pò èyí tó kú, ìkọ̀wé yóò falẹ̀ débi pé ètò RAID lè rò pé dísìkì tuntun náà ti kú, kó sì yọ ọ́ dànù. Ní 2020, Western Digital jẹ́wọ́ pé SMR làwọn kan nínú WD Red 2 TB sí 6 TB, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti ké gbàjarè. WD Red Plus ni orúkọ àwọn CMR wọn báyìí. IronWolf ti Seagate náà jẹ́ CMR.

Ẹ má ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lọ́jọ́ kan náà bí ẹ bá lè yẹra fún un.

Tòkunbọ̀ ṣeé rà fún ẹ̀dà kẹta, kò yẹ fún èyí tí iṣẹ́ òòjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ, kí CrystalDiskInfo, ètò tó ń ka ìlera dísìkì, wà lórí rẹ̀, kí ẹ so dísìkì mọ́ ọn níwájú ẹni tó ń tà á. Nínú àwọn nọ́ńbà tí ètò náà yóò tò sílẹ̀, nọ́ńbà 9 ni wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760, nítorí náà 40,000 ti ju ọdún mẹ́rin àbọ̀ lọ láìdúró. Nọ́ńbà 5, 197 àti 198 ni ti ojú tó ti bàjẹ́ àti èyí tí kò ṣeé kà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí a ń fẹ́ rí ni òdo. Tí 197 bá ti ju òdo lọ, ẹ dá a padà fún un. 199 tó ń gòkè kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi dísìkì, wáyà SATA ni kí ẹ pààrọ̀. Wọ́n lè ti dá àwọn nọ́ńbà yìí padà sí òdo, torí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kún kí ẹ sì kà á padà nílé.

Iná lọ nígbà tí mò ń kó fídíò sórí àpótí RAID 5 mi. Nígbà tó dé, gbogbo nǹkan ṣí dáadáa. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?
*Ayàwòrán, Ṣàgámù*

Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Nígbà tí RAID 5 bá ń kọ nǹkan, ó ń kọ ohun tuntun náà sórí dísìkì kan, ó ń kọ ìṣirò rẹ̀ sórí òmíràn. Tí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ohun tuntun ti wọlé, ìṣirò àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kò ní sí àṣìṣe kankan lójú yín lọ́jọ́ náà. Ó di ọjọ́ tí dísìkì kan bá kú, tí ètò náà fi ìṣirò tí kò bá a mu tún fáìlì kọ, kí àbùkù tó jáde síta. Ẹ wọ inú ètò àpótí náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ *scrub* tàbí *consistency check* sí, kí ẹ jẹ́ kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò mọ́jú. Ẹ tún kó àwọn fáìlì alẹ́ ọjọ́ náà láti orí káàdì. RAIDZ ti ZFS, ètò ìtọ́jú fáìlì kan, kò ní àléébù yìí, nítorí kì í kọ tuntun lé orí ti àtijọ́. RAID 5 àti 6 ti Btrfs, ètò ìtọ́jú fáìlì míì, ni kí ẹ sá fún. Àwọn tó ń ṣe é gan-an kìlọ̀ pé kí èèyàn má fi kó ohun gidi.

Ẹ ra UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró nígbà tí iná bá lọ, irú oní-line-interactive, tó ń tún iná tó ń ga tó ń lọọlẹ̀ ṣe. NAS onídísìkì mẹ́rin kì í sábà ju 60 wáàtì lọ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n dísìkì kọ̀ọ̀kan lè fa tó 24 wáàtì ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. 650 VA tó fún òun àti ráútà. Ẹ má so kọ̀ǹpútà ńlá mọ́ ọn tí ẹ kò bá tíì ṣe ìṣirò wáàtì rẹ̀, ẹ má sì so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà mọ́ ọn rárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni wáyà USB tó wà lẹ́yìn UPS. Òun ló ń sọ fún NAS pé iná ti lọ. Lórí NAS Synology, ẹ lọ sí Control Panel, Hardware & Power, UPS, kí ẹ tan án, kí ẹ ní kó pa ara rẹ̀ dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Láìsí wáyà yẹn, UPS kàn sún ìjàǹbá síwájú ni: bátìrì yóò tán, NAS yóò sì kú lójijì bákan náà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ wò ó bóyá NAS yóò pa ara rẹ̀ dé. Bátìrì UPS kì í pẹ́ nínú ooru wa. Tó bá ti tó ọdún méjì, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Ínfátà ṣeé lò bó bá jẹ́ pure sine wave. Àwọn oní-modified tó ń kùn ń ba páwà àwọn ẹ̀rọ kan jẹ́. Tí àrá bá sì ń sán, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Iná àrá ń gba ojú ìyẹn wọlé láti ara ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lórí òrùlé.

Dísìkì kan nínú àpótí mi ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Windows sì gbé ìwé kan jáde pé kí n format kí n tó lè lò ó. Kí ni ṣíṣe?
*Òǹkàwé, Àgọ́-Ìwòyè*

Ẹ tẹ Cancel. Ẹ má ṣe CHKDSK, ẹ má ṣe Initialize, ẹ má ra ètò àgbàpadà kankan tí yóò ṣiṣẹ́ lórí dísìkì yẹn gan-an. Ẹ pa àpótí náà.

Dídún kọ́-kọ́-kọ́ sábà máa ń túmọ̀ sí pé orí tó ń kà á kò rí ibi tó yẹ kó dúró sí. Bó bá ṣe ń yí lọ ló ṣe lè máa ha ojú ara rẹ̀. Bí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá ní ẹ̀dà, ọwọ́ àwọn tó ń ṣí dísìkì nínú yàrá tí kò ní eruku ló kù. Àwọn tó kàn lọ́ra tí wọn kò dún, ẹ lè gbìyànjú ètò ddrescue láti orí Linux: ó ń kó ibi tó ṣeé kà kọ́kọ́, á tó padà sí ibi tó le. Dísìkì tí ẹ ń kó o lọ sí gbọ́dọ̀ tóbi tó ti àtijọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹ̀dà yẹn ni ẹ ó ti ṣe gbogbo àtúnṣe.

Bó bá jẹ́ RAID 1, 5, 6 tàbí 10 ni, tí àwọn yòókù sì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó ṣe pàtàkì jù kúrò kí ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ fi máàkà kọ 1, 2, 3, 4 sára àwọn dísìkì bí wọ́n ṣe tò. Kí ẹ tó fa ọ̀kan yọ, ẹ ka nọ́ńbà sírálì tí ètò náà ní ó kú, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára dísìkì. Nínú RAID 5, ẹni tó bá ṣèèṣì fa èyí tó yè yọ ti sọ dísìkì kan tó kú di méjì, àpótí náà yóò sì dákẹ́. Bí àpótí yín bá ṣì wà ní àlàáfíà lónìí, ẹ pa á dé, ẹ fa wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ sírálì kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ihò rẹ̀.